Orúkọ Tó Wà Nínú Kóòtù

Kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ wá ẹlẹ́bi lọ síbi tó jìnnà: Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ló da òróró sí kóòtù náà. Kì í sì í ṣe pé ó ṣèèṣì. Ó ti ilẹ̀kùn, ó wé gèlè, ó dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì tí làkúrègbé ń bá jà, ó sì gbàdúrà kó tó ṣí ìgò. Ẹ̀kán kan ló fẹ́ kán sí ọrùn aṣọ, ẹ̀kán kan sí àpò. Ṣùgbọ́n nígbà tí àdúrà gbóná, tí ara ń gbọ̀n, tí ìdí ń mì lábẹ́ ìró, ìgò yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, òróró ólífì tí wọ́n fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì sì dà sí àyà kóòtù bí ọbẹ̀ tó dà sórí ìrẹsì. Ẹ̀mí òkùnkùn ló ń lé jáde nínú aṣọ. Ẹ̀mí òkùnkùn ò jáde. Òróró ló wọlé. Ó wá ká kóòtù náà dáadáa, ó dá a padà sínú àpótí, ó ní tó bá fi máa di àárọ̀ á ti gbẹ, àfi bí ẹni pé omi ló dà sí i. Obìnrin tó ti ń dín àkàrà láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, tí òróró ti ba ìró rẹ̀ jẹ́ lọ́nà tí kò lóǹkà, òun ló ní òróró á gbẹ. Bó bá ń sọ ibẹ̀ yẹn báyìí, á rẹ́rìn-ín títí á fi ní kí wọ́n wá di òun mú. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí à ń wí yìí, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Fọlárìn ló ni kóòtù. Adéfọlárìn gan-an lorúkọ rẹ̀, ọmọ Gbémisọ́lá, ọmọ ọmọ Ìyá Àgbà, ẹni tí Ìyá Àgbà máa ń pè ní ọkọ òun. Àwọn mẹ́ta ló ń gbé yàrá àti pálọ̀ nínú ilé ojúkojú kan ní Agbówó, ìyá àti ìyá-ìyá nínú yàrá, Fọlárìn lórí mátíràsì ní pálọ̀. Bàbá ọmọ wà ní Oǹdó nídìí iṣẹ́, fóònù ni wọ́n fi ń rí i.

Ọ̀rọ̀ aṣọ Fọlárìn ti ń jẹ Ìyá Àgbà lọ́kàn tipẹ́. Ọmọ tó ti jáde yunifásítì, tó ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, tí iṣẹ́ tó ń ṣe ò ju kó máa kọ́ àwọn ọmọ olówó kan ní ìṣirò nílé wọn ní Bódìjà, níbo ló ti ń rí ohun tó ń wọ̀? Bó bá jáde láàárọ̀, ẹ ó pè é ní máníjà báǹkì. Ṣòkòtò rẹ̀ á jókòó sórí bàtà, kò ní gùn jù, kò ní kúrú jù. Kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á dúró ṣánṣán. Bàtà rẹ̀ á dán débi pé Ìyá Àgbà ti fi ṣe dígí rí lọ́jọ́ tí ẹran há a léyín. Bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé kò sí owó nílé. Èyí tí Gbémisọ́lá ń rí nídìí ẹ̀rọ fọ́tòkópì tó ń bá ènìyàn tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì yunifásítì, gàrí àti owó iná ló ń gbé e mì.

Ìyá Àgbà wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Ó rí i pé bí ọjọ́ Àbámẹ́ta bá ti pé, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ọmọ náà á ti gbé báàgì òfìfo jáde, kò ní sọ ibi tó ń lọ. Bó bá sì máa padà, báàgì á ti kún, á tì í sínú àpótí onírin rẹ̀, á sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ iyọ̀. Iyọ̀ ń tán nílé bí ẹni pé ẹran ọ̀sìn ni wọ́n ń sìn. Ìgbà tí Ìyá Àgbà máa jáde lọ tọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá ọkọ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé nídìí garawa: omi gbígbóná ń rú, iyọ̀ wà nílẹ̀, káńfọ̀ wà nílẹ̀, ọmọ sì fi gbogbo ara bo ẹnu garawa. Ó bi í pé kí ló ń rẹ. Ọmọ ní kí Màmá má da ara wọn láàmú, aṣọ ni. Ìyá Àgbà padà wọlé láìtọ̀ mọ́. Ó ti fi iyọ̀ sí ẹja rí, ó ti fi sí pọ̀nmọ́. Ta ló ń fi iyọ̀ sí aṣọ?

Ohun tó wá já okùn sùúrù rẹ̀ ni ti ọjọ́ Ajé. Fọlárìn gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sára àpótí. Ìyá Àgbà ṣí i, kì í ṣe pé ó fẹ́ tú nǹkan, ó fẹ́ wò ó ni. Kóòtù kan ló wà lókè pátápátá, aró dúdú, tó mọ́ tónítóní. Ó ki ọwọ́ sí àpò inú, ọwọ́ rẹ̀ ba aṣọ funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n rán mọ́ ibẹ̀, wọ́n sì fi òwú pupa kọ nǹkan sí i. Yorùbá inú Bíbélì ni Ìyá Àgbà lè kà, èyí kì í ṣe Yorùbá. Ó lọ pe Ìyá Dárasími, tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwọn, tó ń ta káàdì fóònù tó sì ń ṣe POS níwájú ilé. Ìyá Dárasími kà á, ó tún un kà, ó wá fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní Desmond Pike ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó ní orúkọ òyìnbó ni.

Ìyá Dárasími ò jẹ́ kó pẹ́ kó tó túmọ̀ rẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ Yàhúù ìsinsìnyí ò fi fóònù nìkan ṣe é mọ́. Òyìnbó tí wọ́n bá ń lù ní jìbìtì, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń rán sínú kóòtù. Ọjọ́ tí ọmọ bá gbé kóòtù yẹn wọ̀, ọkàn òyìnbó á rọ̀, á máa fi owó ránṣẹ́ bí ẹni tó ń san owó orí. Iyọ̀ yẹn náà wà lára rẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ìgbà tí Ìyá Àgbà bi í pé ta ló sọ fún un, ó ní oníbàárà kan ni. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ yìí, jẹnẹrétọ̀ Olúdọ̀tun ń dún gìrìgìrì níta, fóònù àwọn méjèèjì sì wà lẹ́nu wáyà rẹ̀, wọ́n ń gba iná ọ̀fẹ́. Olúdọ̀tun ni ọmọkùnrin tó gba gbogbo iwájú ilé, tó ra ẹ̀rọ tó ń fa omi fún gbogbo ayálégbé, tó gbé àpò ìrẹsì fún ìyàwó onílé lọ́dún Àjíǹde. Ọjọ́ orí rẹ̀ ò ju ti Fọlárìn lọ. Bísínẹ́ẹ̀sì ló ń ṣe. Kò sí ẹni tó bi í pé bísínẹ́ẹ̀sì wo, torí omi ń yọ.

Ìdí nìyẹn tí òróró fi dà.

Ohun tó kọ́kọ́ pe ìfura Ìyá Àgbà láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni ẹyin. Gbémisọ́lá dín ẹyin. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, láìsí ọjọ́ ìbí, láìsí àlejò, ó gé àlùbọ́sà sí ẹyin, ó gbé e sílẹ̀ de Fọlárìn pẹ̀lú búrẹ́dì, ó sì gbé ọ̀gì àti àkàrà àná fún ìyá tó bí i lọ́mọ. Ìyá Àgbà wo ẹyin, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń fi orin sẹ́nu bọ̀ láti balùwẹ̀. Ó dá a lójú pé àwọn méjèèjì mọ ohun tí òun ò mọ̀.

Fọlárìn ò tíì fọwọ́ kan ẹyin tó fi ṣí àpótí.

Kò pariwo, ohun tó ba Ìyá Àgbà lẹ́rù nìyẹn. Ó gbé kóòtù sókè sójú fèrèsé, ó wo àyà rẹ̀ tó ń dán bí ìdí ìkòkò, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó sì jókòó sórí mátíràsì, ó tẹ́ ẹ sórí itan bí ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá. Gbémisọ́lá ló pariwo. Ó bi ilẹ̀, ó bi ògiri, ó bi Ọlọ́run, kó tó wá bi ìyá rẹ̀. Ìyá Àgbà ò sì ṣẹ́. Ó ní òun ni, àti pé àdúrà ni.

Láàárín ariwo yẹn ló ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń fi pamọ́ fún un. Ìntáfíù ni Fọlárìn ń lọ ní Ring Road láago méjì ọ̀sán ọjọ́ yẹn, nílé iṣẹ́ kan tó ń ta irinṣẹ́ ilé ìwòsàn. Wọ́n ti já ọ̀pọ̀ sílẹ̀, ó ku òun àti àwọn díẹ̀. Wọ́n sì ti kìlọ̀ fún wọn pé ọkùnrin tí kò bá mú kóòtù àti táì wá, kó má wulẹ̀ yọjú. Ìyá Àgbà ní kí ló wá dé tí wọn ò sọ fún òun. Gbémisọ́lá dá a lóhùn pé ohun tí wọ́n bá sọ fún Màámi kí wọ́n tó jẹun àárọ̀, ará Mọ́níyà á ti gbọ́ ọ kí wọ́n tó fọ abọ́ tán.

Ó dun Ìyá Àgbà, torí pé òótọ́ ni. Bí ọ̀rọ̀ bá sì dùn ún, kì í bẹ̀bẹ̀, ìjà ló máa ń gbé padà. Ó tún ìró ró, ó kọjú sí ẹni tó ń pè lọ́kọ rẹ̀, kò pè é lọ́kọ.

"Adéfọlárìn, ta ni Desmond Pike?"

Fọlárìn gbójú sókè. Gbémisọ́lá ní kí nìyẹn. Ìyá Àgbà wá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, báàgì ọjọ́ Àbámẹ́ta, iyọ̀, káńfọ̀, orúkọ òyìnbó nínú àpò, títí dé orí ohun tí Ìyá Dárasími sọ. Bó ṣe ń sọ ọ́, Gbémisọ́lá ń wo ojú ọmọ rẹ̀, ó ń retí kó bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ ò rẹ́rìn-ín. Ojú tì í ni, ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé ojú tì í. Ariwo Gbémisọ́lá wá lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí rédíò tí bátìrì rẹ̀ ń kú. Ó fìdí lé apá àga.

Ó ní, "Fọlárìn, níbo lo ti ń ra aṣọ gan-an?"

"Mọ́mì. Ẹ̀yin náà?"

Ẹyin ti ń tutù. Ìyá Àgbà rí i nígbà náà pé ọmọ òun ti ní ìfura yẹn lọ́kàn tipẹ́, bóyá ṣáájú òun pàápàá. Kò kàn bèèrè ni, torí ẹ̀rù ìdáhùn ń bà á. Gbogbo ìgbà tí Gbémisọ́lá ń lọ aṣọ yẹn fún ọmọ rẹ̀ láàárọ̀, tó ń fi ọwọ́ pa kọ́là rẹ̀, tó ń ní ó wuyì, ó ń fọgbọ́n wá rìsíìtì nínú àpò ni.

Ìyá Dárasími ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni ò pè é. Àwọn méjì mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ yá àwo. Ìyá Dárasími ní èlùbọ́ láfún ló ń fa òróró nínú aṣọ, kí wọ́n bù ú lé e kó pọ̀ dáadáa. Ìyá Àgbà, tó ń wá ohun rere tó máa fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe lọ́nàkọnà, kó o ní ẹ̀kúnwọ́, ó dà á sí i, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ìgbà tó gbọn kóòtù, ó di funfun, ó di dúdú, ó di bí aláǹgbá tó já sínú àgbá ìyẹ̀fun. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà, ó yára sọ ọ́ di ikọ́.

Fọlárìn gba kóòtù náà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní òun ń gbé e lọ sọ́dọ̀ Abdulmojeed, télọ̀ òun. Ó jáde. Ìyá Àgbà ki ẹsẹ̀ bọ sílípáàsì, ó tẹ̀ lé e. Ó sọ fún Gbémisọ́lá pé òun fẹ́ lọ bá wọn bẹ télọ̀. Ìdajì òótọ́ nìyẹn. Ìdajì tó kù ni pé ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i bóyá ọ̀dọ̀ télọ̀ ni ọmọ náà ń lọ lóòótọ́.

Ọmọ gùn lẹ́sẹ̀, ó sì ń bínú. Ìyá Àgbà ń yí gbirigbiri lẹ́yìn rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ yunifásítì tó ń jẹ ẹ̀wà lórí ìdúró, láàárín ọ̀kadà àti ìwé fọ́tòkópì tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Nígbà tí èémí rẹ̀ fẹ́ bọ́, ó pè é. Fọlárìn dúró, ó dúró dè é, ṣùgbọ́n kò bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni Ìyá Àgbà ń wò, àti ṣòkòtò aró yẹn tó gún régé. Ó tún ń bi ara rẹ̀ pé èló ni wọ́n ń ta irú ṣòkòtò yìí.

Abdulmojeed jẹ́ ọkùnrin tíńrín kan tó máa ń fi tépù kọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀, ìráhùn ló sì fi ń kí ènìyàn. Iná ti lọ, bẹ́ẹ̀ ni oníbàárà kan ò wá gba aṣọ tó rán láti ìgbà àwẹ̀. Ó gba kóòtù, ó fi imú kàn án.

"Kí lo dín nínú rẹ̀?"

Fọlárìn fi ẹnu júwe ìyá rẹ̀ àgbà. Abdulmojeed kí Ìyá Àgbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ rẹ̀. Ó ní Màmá ò mọ ìyà tí kóòtù yìí fi jẹ òun. Èjìká rẹ̀ gba èjìká ẹni méjì nígbà tí ọmọ yìí gbé e dé, òun tú u pátá, òun gé e wọlé, òun gbé apá rẹ̀ sókè, òun yọ bọ́tìnnì ike, òun fi ti ìwo sí i. Ìyá Àgbà ò jẹ́ kó parí. Ó sún mọ́ ọn kí Fọlárìn má baà ráyè ṣẹ́jú sí i, ó sì bi í lójijì pé ta ni Desmond Pike.

Abdulmojeed wò ó bí ẹni tó gbọ́ èdè Ṣáínà. Ó wá na ọwọ́ sí òkìtì aṣọ tó wà ní kọ̀rọ̀, ó fa kóòtù kan yọ, ó yí àpò inú rẹ̀ síta: orúkọ òyìnbó mìíràn. Ó fa òmíràn yọ: orúkọ tún nìyẹn. Ó ní inú béèlì òkìríkà ni gbogbo wọn ti wá, wọ́n ní àwọn alágbàfọ̀ òkè òkun ló máa ń rán orúkọ mọ́ aṣọ oníbàárà kó má baà sọnù. Òun kì í yọ ọ́ àfi bí wọ́n bá ní kí òun yọ ọ́. Ó ní kóòtù kan tí wọ́n kọ Margaret sí ń bẹ lọ́rùn pásítọ̀ kan ní Ṣàngó títí di òní, ó sì fi ń wàásù.

Ìyá Àgbà ò tíì gbà. Ó rò ó pé àwọn méjèèjì lè ti jọ dá a. Ó ní bó bá jẹ́ òkìríkà, báwo lọ́mọ ṣe ní aṣọ tó pọ̀ tó báyìí, tí kì í wọ ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì?

Télọ̀ ní, "Pọ̀ kẹ̀? Ṣòkòtò méjì ló ní, Màmá. Aró kan, eérú kan. Ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. Èyí funfun, kọ́là rẹ̀ ti gbó, mo tú u, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú. Bàtà kan, tí ṣúmékà ti pààrọ̀ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Kò ra èyí tó ní òdòdó, kò ra èyí tó ń tàn. Èyí tó bá máa bá èyí tó wà nílẹ̀ rẹ́ nìkan ló ń ṣà, ìdí nìyẹn tó fi máa ń dé ibi tí wọ́n ti ń já béèlì ní Dùgbẹ̀ kí àwọn oníbọ́tíkì tó dé."

Ìyá Àgbà fìdí lé bẹ́ńṣì. Gbogbo oṣù yìí tó ti ń ka ṣòkòtò ọmọ náà, ṣòkòtò kan náà ló ń kà lákàtúnkà.

"Iyọ̀ yẹn ńkọ́?" ó bèèrè, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

Fọlárìn yíjú sí i fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ilé. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní iyọ̀ yẹn. Ìgbà tí mo wà ní pírámárì, tí Mọ́mì ra aṣọ òtútù òkìríkà fún mi, ẹ̀yin lẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, ẹ da iyọ̀ sí i, ẹ ní kí òkú òyìnbó tó ni ín lè máa bá tirẹ̀ lọ."

Ẹ̀rín gba Ìyá Àgbà mú. Ó rẹ́rìn-ín títí ìró rẹ̀ fi tú, títí bẹ́ńṣì fi ń dún, títí obìnrin tó ń ta ọ̀sàn lọ́ọ̀ọ́kán fi gbójú sókè. Ó ní òun ló lé òkú jáde, òun náà ló tún ń sá fún un. Òun lé Desmond tì, òun fi òróró kí i káàbọ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú, ó sì ń wo Fọlárìn bóyá á bá òun rẹ́rìn-ín. Kò bá a rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló rín ẹ̀rín náà parí.

Ó wá bi í pé kí ló dé tó fi pa á mọ́. Bí ìbéèrè náà ṣe jáde báyìí, ìbínú kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Fọlárìn ní bí àwọn òbí ọmọ tí òun ń kọ́ ní Bódìjà bá mọ̀ pé òkìríkà ni, owó iṣẹ́ òun á já sí owó òkìríkà; ẹni tí òun kọ́kọ́ lọ kọ́ lọ́mọ pẹ̀lú bàtà tó ti ya, ẹ̀yìn ilé ló ní kí òun gbà wọlé. Òun wá ń múra. Ó ní ní ọjọ́ kan, àwọn ọlọ́pàá kan tó gbé ìbọn dá kẹ̀kẹ́ tí òun wọ̀ dúró ní Ṣàngó, òun nìkan ni wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀.

"Wọ́n ní ta ló ra ṣẹ́ẹ̀tì fún mi. Mo ní òkìríkà ni. Wọ́n ní irọ́ ni mò ń pa, òkìríkà kì í jókòó lára ènìyàn báyìí."

Abdulmojeed fẹ́ fi ìyẹn rẹ́rìn-ín, torí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n yìn, ṣùgbọ́n ó rí ojú Fọlárìn, ó gbé ẹ̀rín náà mì.

Fọlárìn ní, "Inú oòrùn ni mo wà títí wọ́n fi gba ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Mo ń sọ lọ́kàn ara mi pé kí n ṣáà délé. Pé nílé, ó kéré tán…"

Abdulmojeed fínná sí èédú inú áyọ́ọ̀nù. Ó gbọn láfún dànù pẹ̀lú èébú, ó tẹ́ bébà àpò sìmẹ́ńtì lé àyà kóòtù, ó ń tẹ áyọ́ọ̀nù mọ́ ọn, bébà ń mu òróró, ó ń pààrọ̀ bébà. Wọ́n dúró, wọ́n ń wò ó. Òórùn rẹ̀ dà bí ti ìdí àkàrà. Nígbà tó ṣe, ó gbé e sókè sójú oòrùn. Òróró ti dínkù, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì hàn, ó tẹ́ sí àyà aṣọ bí máàpù. Abdulmojeed mi orí. Kò gba owó. Ó ní kí Màmá ṣáà máa gbàdúrà láti ọ̀nà jíjìn.

Ìgbà tí wọ́n máa fi padà délé, oòrùn ti wà lágbedeméjì orí, ìròyìn sì ti yí ilé ká. Gbémisọ́lá ò lọ síbi iṣẹ́. Ìyá Àgbà gbà á sí kọ̀rọ̀, ó sọ fún un pé òkìríkà ni, òkìríkà ni gbogbo rẹ̀. Gbémisọ́lá fi etí ìró nu ojú, ó wọlé lọ bá ọmọ rẹ̀. Ìyá Àgbà gbọ́ ọ tó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Olúdọ̀tun ló kan ilẹ̀kùn. Kóòtù dúdú kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọ̀rá, bébà tí wọ́n kọ iye rẹ̀ sí ṣì ń mì lára apá kóòtù náà. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní òun gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Fọlárìn, kó wọ èyí lọ, ìgbàkígbà tó bá wù ú ni kó dá a padà, kódà kó má dá a padà. Ọ̀rọ̀ náà dùn, ojú ọmọ náà sì tutù. Kí Ìyá Àgbà tó mọ̀, ó ti gba kóòtù náà, ó ti kúnlẹ̀, àdúrà ti ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀: Ọlọ́run á gbé e ga, ọ̀nà tó ń gbà rí i kò ní dí, owó rẹ̀ á máa pọ̀ sí i. Ìyá Dárasími ló ṣe àmín tó ròkè jù. Gbémisọ́lá nìkan ni kò ṣe àmín, ilẹ̀ ló ń wò.

Fọlárìn jáde láti inú yàrá. Ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun yẹn, èyí tí wọ́n yí kọ́là rẹ̀ padà, ó ti so táì, ṣòkòtò aró sì gún lórí bàtà. Ó ti ká kóòtù tirẹ̀ sí méjì, ó ká àbàwọ́n sínú, ó fi í kọ́ apá bí ọkùnrin tí oòrùn mú tó bọ́ kóòtù. Ẹni tí kò bá mọ̀, kò ní mọ̀. Ó kí Olúdọ̀tun, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní òun á wọ èyí tí òun ní. Olúdọ̀tun gbé èjìká, ó padà síwájú ilé. Kò gba kóòtù rẹ̀ lọ́wọ́ Ìyá Àgbà.

Ìyá Àgbà bá Fọlárìn dé etí títì. Ọwọ́ kan gbé kóòtù inú ọ̀rá, ọwọ́ kejì gbé búrẹ́dì tó ki ẹyin àárọ̀ sí láàárín. Ó ń bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí ọkọ òun má ṣe oríkunkun, bí wọ́n bá ní kó wọ kóòtù ńkọ́, bí wọ́n bá ní kó tú èyí tó ká wò ńkọ́, ta ló máa mọ̀ pé ó yá a ni? Kẹ̀kẹ́ tó ń lọ Ring Road dúró. Fọlárìn wọlé, ó jókòó sétí, ó gba búrẹ́dì. Ìyá Àgbà na ọ̀rá náà sí i. Ó rọra tì í padà sí àyà ìyá rẹ̀ àgbà, ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pa á mọ́ ọn lára.

Ó ní, "Ẹ gbà á, Màmá. Ti Olúdọ̀tun yìí, ṣé ẹ ti wo inú àpò rẹ̀? Orúkọ ta ló wà níbẹ̀?"